Elétí-Ọgọ́rùn-ún àti Àwọn Wáyà Tí Kì Í Tètè Jí

Títí di òní, ọjọ́ tí ewúrẹ́ wọ ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà ni wọ́n fi ń ka ìgbà nílé iṣẹ́ ìwádìí fóònù kan. Bí o bá bi ẹnì kan pé ìgbà wo ni wọ́n gbà á síṣẹ́, á ní, "Ó ku oṣù mẹ́ta kí ewúrẹ́ ó jẹ̀wé." Ìyá Ìbejì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Òun ni ẹnjiníà tó jókòó ti kọ̀ǹpútà, òun ló sì kọ́kọ́ rí i pé ìlà kejìlá ti ń gun àtẹ̀gùn.

Ẹni tó kó ewúrẹ́ wọ ọ̀rọ̀ náà ti lọ síbi àgbà ń rè báyìí. Elétí-Ọgọ́rùn-ún ni gbogbo ènìyàn ń pè é, àti ìyàwó rẹ̀ pàápàá nígbà tínú bá ń bí i. Ẹnjiníà àgbà ni. Òun ló to ọgọ́rùn-ún èríàlì kéékèèké sára pátákó irin kan lórí òrùlé ibi iṣẹ́ wọn, mẹ́wàá níbùú, mẹ́wàá lóròó, tí wọ́n kọjú sí pápá gbalasa kan. Etí ló ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ó ní èríàlì ńlá tí àwọn ilé iṣẹ́ fóònù ń lò dà bí ẹni tó dúró láàárín èrò tó ń pariwo, gbogbo ènìyàn ló ń gbọ́ ọ, kò sì yé ẹnì kankan. Ṣùgbọ́n bí ọgọ́rùn-ún etí bá gbọ́ra wọn yé, wọ́n á mọ ibi tí fóònù kọ̀ọ̀kan wà gan-an, wọ́n á sì máa bá a sọ̀rọ̀ lọ́tọ̀ láìdí ẹlòmíràn lọ́wọ́. Lójú kọ̀ǹpútà Ìyá Ìbejì, fóònù kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀, láti orí òrùlé títí dé ibi tó bá wà.

Kí wọ́n tó lè dán an wò, wọ́n nílò fóònù méjìlá tí yóò máa rìn káàkiri pápá láti àárọ̀ dọ̀sán. Lọ́jọ́ kìíní, àwọn òṣìṣẹ́ ló rìn ín. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, orúnkún ń dun ẹnì kan, ẹ̀yìn ń dun èkejì, ìyá ìyá ẹ̀kẹta sì tún kú lẹ́ẹ̀kejì lọ́dún náà. Elétí-Ọgọ́rùn-ún kò bá ẹnì kankan jà. Ó fo ọgbà lọ sọ́dọ̀ ìyá kan tó ń sin ẹran lẹ́yìn ilé iṣẹ́ wọn, ó sì fa Ìyá Ìbejì lọ́wọ́ pé kó wá ṣe ẹlẹ́rìí.

"Ìyá, ewúrẹ́ méjìlá ni mo fẹ́ yá."

"Kí lẹ fẹ́ fi wọ́n ṣe?"

"Mo fẹ́ so fóònù mọ́ wọn lọ́rùn."

Ìyá náà wò ó láti òkè délẹ̀. "Ta ni wọ́n fẹ́ pè?"

Nígbà tí wọ́n ṣàlàyé fún un tán, ó ní òun gbà, àmọ́ òun náà ní ohun tí òun ń fẹ́. Fóònù òun kì í gbé rárá ní ilé ìdáná. Bí ọmọ òun bá pè, àfi kí òun sáré bọ́ síta, kí ohun tó wà lórí iná sì jóná. Elétí-Ọgọ́rùn-ún ní kò sí wàhálà, òun á ya etí mẹ́ta sọ́tọ̀ fún ilé ìdáná rẹ̀.

"Mẹ́fà," ni ìyá náà wí.

"Ìyá, mẹ́ta tó. Ilé ìdáná ni, kì í ṣe pápá ọkọ̀ òfúrufú."

"Mẹ́fà. Ewúrẹ́ mi ò kéré."

"Ó dáa, mẹ́rin. Nítorí pé ẹ jẹ́ àgbà."

Wọ́n ná an fún bíi wákàtí kan gbáko. Ìyá Ìbejì dúró, ó ń wo ẹnu wọn. Ó mọ̀ pé gbogbo ọgọ́rùn-ún etí náà lápapọ̀ ló ń gbọ́ fóònù kọ̀ọ̀kan, kò sì sí bí ènìyàn ṣe lè yọ ẹyọ kan ṣoṣo nínú wọn fún ẹnikẹ́ni. Elétí-Ọgọ́rùn-ún náà mọ̀. Ó kàn jẹ́ pé kò lè rí ọjà kó má ná an ni. Wọ́n fi í sí márùn-ún níkẹyìn, ó sì ń ráhùn dé ọ́fíìsì pé ìyá yẹn ti rẹ́ òun jẹ.

Ọjọ́ kẹta tí ewúrẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni àwọn àlejò pàtàkì wá, àwọn tó ń fi owó gbé iṣẹ́ náà lẹ́sẹ̀. Ọ̀gá àgbà ń mú wọn yípo ọgbà. Bí Ìyá Ìbejì ti ń wo ojú kọ̀ǹpútà, ìlà mọ́kànlá wà nínú pápá, wọ́n ń yí díẹ̀díẹ̀ bí ẹran ti ń jẹko. Ìkejìlá yà bàrá. Ó la pápá kọjá, ó dé ilé alájà méjì tí ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà wà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè.

"Ọ̀gá," ni Ìyá Ìbejì wí, "ewúrẹ́ kejìlá wà lọ́fíìsì ọ̀gá àgbà."

Oníwáyà, ìyẹn ọkùnrin tó ń bá wọn fa wáyà, ti ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀rọ yín ti ya wèrè. Ẹ pa á, kí ẹ tún un tàn."

"Ẹ̀rọ mi kì í purọ́," ni Elétí-Ọgọ́rùn-ún fèsì, bó ti ń wá bàtà rẹ̀ lábẹ́ tábìlì. "Ènìyàn ló ń purọ́."

Òun àti ọ̀gá àgbà àti àwọn àlejò jọ pàdé lẹ́nu ilẹ̀kùn ni. Ewúrẹ́ dúró lórí kápẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú fóònù lọ́rùn, ìdajì bébà kan ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀gá àgbà wo orí tábìlì, ó wo ẹnu ewúrẹ́, ó wá yíjú sí ẹnjiníà rẹ̀.

"Ìwé ìròyìn iṣẹ́ tí mo fẹ́ kà fún àwọn àlejò dà?"

"Ó wà nínú ewúrẹ́, sà," ni Elétí-Ọgọ́rùn-ún dáhùn. "Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, a mọ ibi tí ewúrẹ́ wà."

Ẹ̀rín pa àwọn àlejò débi pé ọ̀kan nínú wọn ní láti jókòó sórí àga ọ̀gá àgbà. Wọ́n fọwọ́ sí i pé kí iṣẹ́ náà máa lọ fún ọdún mẹ́ta sí i. Ọ̀gá àgbà fi òfin de ewúrẹ́ láti ọjọ́ náà, ìyá ẹlẹ́ran, tí fóònù rẹ̀ ti wá ń gbé ní ilé ìdáná, sì dúpẹ́ gidigidi fún etí márùn-ún tí kò gbà.

Kí iṣẹ́ náà tó dé orí irin gidi, inú ilé Elétí-Ọgọ́rùn-ún ló ti bẹ̀rẹ̀. Kò ní sùúrù láti dúró de ẹni tí yóò gé irin fún un, ó wá jí àwo mẹ́rin tí ìyàwó rẹ̀ fi ń yan búrẹ́dì, ó lu wọ́n níhò, ó sì so wáyà mọ́ wọn. Ìyàwó rẹ̀, tí gbogbo wọn ń pè ní Màmá, wá a wá síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kẹta, ó gun òrùlé tòun ti báàgì lọ́wọ́.

"Àwo mi rèé."

"Kì í ṣe àwo mọ́. Etí ni."

"Etí wo ló ní èérí búrẹ́dì lẹ́yìn?"

"Èérí yẹn kò dí wọn lọ́wọ́. Mo ti dán an wò."

Àwo náà ò padà sílé. Nígbà tí etí irin dé, ó fi àwọn àwo náà sínú kọ́bọ́ọ̀dù, ó ní àgbà ni wọ́n, a kì í lé àgbà dànù. Màmá ra àwo tuntun, ó sì ń tì wọ́n mọ́ inú yàrá bí ẹni ń ti wúrà.

Nígbà tí etí pé ọgọ́rùn-ún, ó sọ wọ́n lórúkọ. Wáyà kọ̀ọ̀kan ní ìwà tirẹ̀, òmíràn ń gbé ohùn dé kíá, òmíràn ń fà á nílẹ̀, àfi kí wọ́n kọ ìwà ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú kọ̀ǹpútà kí ó lè máa bá wọn ṣe àtúnṣe. Àwọn ẹlòmíràn á fi nọ́ńbà kọ ọ́. Elétí-Ọgọ́rùn-ún fi ẹbí àti ará àdúgbò kọ ọ́. Èyí tó máa ń pẹ́ dé ni Àna Mi. Èyí tó ń gbọ́ ohun tí kò kàn án ni Lándílọ́ọ̀dù. Èyí tí ọ̀rọ̀ ò wọ̀ létí rárá, tí wọ́n pààrọ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rin, ni Ọ̀gá Àgbà, Ìyá Ìbejì sì yára pa orúkọ yẹn rẹ́ nígbàkígbà tí ọ̀gá àgbà bá ń bọ̀. Èyí tó wà lókè lápá ọ̀tún, tí kò yẹ̀ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti so ó, Ìyàwó Mi ló kọ sí i.

Ó yani lẹ́nu pé ẹni tó lè mọ ibi tí fóònù méjìlá wà kò mọ ibi tí tirẹ̀ wà. Ògbólógbòó fóònù kan ni, rọ́bà ló dì í pọ̀. Bó bá dún, ẹlòmíràn ni yóò sọ fún un. Ìgbà púpọ̀ ni Màmá pe Ìyá Ìbejì láti bi í bóyá ọkọ òun ṣì wà láàyè. "Ọgọ́rùn-ún etí lókè," ni obìnrin náà máa ń wí, "kò sí ẹyọ kan nílẹ̀."

Ṣùgbọ́n ohun tó fa ariwo jù lọ nílé iṣẹ́ ni aago mẹ́wàá. Aago mẹ́jọ ni iṣẹ́ ń bẹ̀rẹ̀. Aago mẹ́wàá ni Elétí-Ọgọ́rùn-ún ń dé, lójoojúmọ́, pẹ̀lú aṣọ tó ti lọ̀ dáadáa àti ojú ẹni tí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ọ̀gá àgbà pè é.

"Aago mẹ́wàá!"

"Wáyà ò tíì jí kó tó di ìgbà yẹn, sà."

"Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

Ó jókòó láìjẹ́ pé wọ́n ní kó jókòó, ó sì ṣàlàyé. Bí oòrùn bá yọ, apá kan pátákó ló kọ́kọ́ ń ràn sí. Wáyà apá ibẹ̀ á gbóná, tìhà kejì á ṣì tutù. Ohùn kì í gba inú wáyà gbígbóná àti wáyà tútù lọ́nà kan náà. Ìyàtọ̀ rẹ̀ kò tó bíńtín, àmọ́ ó tó láti mú kí ẹ̀rọ rò pé ẹni tó dúró sójú kan ti ṣípò padà. Àfi bí oòrùn bá ràn dé ara gbogbo wọn ni ọ̀rọ̀ wọn tó máa bára mu. Ṣé òun ló yẹ kó lọ máa jí wọn ni?

Oníwáyà ní láti ogún ọdún tí òun ti ń fa wáyà, òun ò bá èyí tó ń sùn pàdé rí. Ọ̀gá àgbà kọ̀wé sí i pé kó wí tẹnu rẹ̀. Ó fi ojú ewé mọ́kànlá fèsì, pẹ̀lú àwòrán, ọ̀gá àgbà ka méjì, orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ. Láti ìgbà náà wọ́n fi í sílẹ̀. Aṣọ́gbà tó ń kọ ìgbà tí àwọn òṣìṣẹ́ dé pàápàá, ó ti sú u, ó wá ń kọ aago mẹ́wàá síwájú orúkọ rẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́ àná. Ìyá Ìbejì náà rò nínú ara rẹ̀ pé ọ̀lẹ ni ọ̀gá òun, ọ̀lẹ tó mọ̀wé.

Ọjọ́ Sátidé kan ni Elétí-Ọgọ́rùn-ún kú, lórí àga, lẹ́yìn tó mu tíì rẹ̀ tán. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kí wọ́n ṣe ìdánwò ìkẹyìn.

Ọ̀gá àgbà pe Ìyá Ìbejì, kò fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Àwọn olùyẹ̀wò méjì ń bọ̀, ọkùnrin kan àti obìnrin kan. Ìlà méjìlá gbọ́dọ̀ dúró gbọnin fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Bí wọ́n bá dúró, iṣẹ́ náà yóò di ti gbogbo ayé. Bí wọn ò bá dúró, wọ́n á tú pátákó náà palẹ̀, wọ́n á sì kó irin rẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ irin.

"Ìwọ lo kù," ni ọ̀gá àgbà wí.

Aago méje àbọ̀ ni àwọn olùyẹ̀wò náà dé. Ọkọ̀ òfúrufú ń dúró dè wọ́n, aago mẹ́sàn-án ni wọ́n sì fẹ́ kúrò níbẹ̀. Òṣìṣẹ́ méjìlá dúró sínú pápá pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́. Ìyá Ìbejì tan ẹ̀rọ. Ìlà méjìlá yọ, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, márùn-ún nínú wọn kọjá lórí ara wọn bí okùn bàtà. Ẹni tó dúró sẹ́bàá igi, ẹ̀rọ ní ó wà lórí igi. Obìnrin olùyẹ̀wò kọ nǹkan kan sílẹ̀, ó sì fa ìlà sábẹ́ rẹ̀.

Ìyá Ìbejì wo aago. Bó bá jẹ́ pé aago mẹ́wàá ni wáyà ń jí lóòótọ́, ó ti parí nìyẹn. Ó tọrọ àyè, ó gun òrùlé, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé àwọn wáyà bí ọ̀gá rẹ̀ ti máa ń ṣe. Ti apá kan gbóná. Ti apá kejì tutù bí omi àmù. Ìwé àkọsílẹ̀ ọ̀gá rẹ̀ ṣì wà lórí ìṣó lẹ́yìn pátákó, nínú ọ̀rá. Ìyá Ìbejì kò ṣí i rí láti ọjọ́ tí ẹni tó ni ín ti kú, ọwọ́ rẹ̀ ò gbà á. Ó ṣí i báyìí, ó sì ń wá ojú ewé àwọn wáyà.

Ọ̀sẹ̀ kan wà, lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, tí ọkùnrin náà ti ń dé sórí òrùlé láti aago méje lójoojúmọ́. Ó kọ ọ́ síbẹ̀. Aago méje: gbogbo wọn ń sùn. Méje àbọ̀: apá kan ti jí, Àna Mi ń hanrun. Mẹ́jọ: wọ́n ń nara. Mẹ́jọ àbọ̀: gbogbo wọn ti jí. Ọjọ́ méje ló kọ, aago mẹ́jọ àbọ̀ ni nínú méjèèje.

Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Kò ráyè ronú lórí aago mẹ́wàá. Mẹ́jọ ku ìṣẹ́jú márùn-ún ni, ìdánwò gba ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, aago mẹ́sàn-án ni àwọn àlejò ń lọ. Ó sọ̀kalẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, a óò bẹ̀rẹ̀ ní mẹ́jọ àbọ̀. Wáyà ò tíì jí."

Ọ̀gá àgbà fọwọ́ bojú.

"Wáyà ò tíì kí ni?" ni ọkùnrin olùyẹ̀wò bèèrè.

"Ẹ fìdí kalẹ̀, sà. A kì í kánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ewúrẹ́ ṣe jẹ ìwé ìròyìn wa fún yín."

Ó sọ ti ewúrẹ́. Nígbà tó dé orí "Ó wà nínú ewúrẹ́, sà," ọ̀gá àgbà alára ló gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀ tó sì parí rẹ̀. Oníwáyà sọ ti àwo búrẹ́dì, ó kó wọn jáde nínú kọ́bọ́ọ̀dù kí wọ́n lè rí èérí ẹ̀yìn wọn. Aṣọ́gbà gbé ìwé rẹ̀ wá, ó fi aago mẹ́wàá ọdún mẹ́ta hàn wọ́n. Obìnrin olùyẹ̀wò rẹ́rìn-ín títí ó fi yọ gíláàsì ojú rẹ̀. Láàárín ẹ̀rín náà, àárò ọkùnrin yẹn sọ Ìyá Ìbejì gan-an, ó wù ú kó wà níbẹ̀, kó máa ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ló rí.

Aago mẹ́jọ àbọ̀ lù. Ó gòkè lọ fọwọ́ kan wáyà, lápá ọ̀tún, lápá òsì. Ó sọ̀kalẹ̀. "Wọ́n ti jí," ló wí.

Ìlà méjìlá yọ, wọ́n sì dúró. Fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kò sí ẹyọ kan tó mì. Ní aago mẹ́sàn-án, obìnrin náà fa ìlà dúdú pa èyí tó kọ tẹ́lẹ̀ rẹ́, ó sì buwọ́ lùwé.

Lọ́jọ́ kejì, Ìyá Ìbejì yà nílé Màmá nígbà tó ń lọ síbi iṣẹ́. Ó gbé àwo mẹ́rin dání, àti fúláàsì ọ̀gá rẹ̀, àti ìwé náà. Màmá gba àwo, ó yí wọn padà, ó wo ihò inú wọn. "Etí," ló wí, ó sì gbé wọn sórí tábìlì. Ó bu tíì fún àlejò rẹ̀. Ilé iṣẹ́ kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ sí ibẹ̀.

"Ìyá Ìbejì, mo fẹ́ bi ọ́ ní nǹkan kan. Má tan mí."

"N kò ní tàn yín, Màmá."

"Aago mẹ́fà ló máa ń jí. Á wẹ̀, á wọṣọ, á wọ bàtà. Á wá jókòó síbi tí o jókòó sí yìí, a óò jọ máa mu tíì. Bí mo bá ní, 'Ẹ máa lọ, ẹ ti pẹ́,' á ní wáyà ò jí títí aago mẹ́wàá. Ọdún mẹ́ta." Ó ń fi ṣíbí ro tíì tí kò fi ṣúgà sí. "Bí aago mẹ́wàá bá ń sún mọ́lé, á ti máa wo aago. Mo máa ń rò ó pé wáyà ló ń dúró dè, pé èmi kàn wà níbẹ̀ ni. Ṣé òótọ́ ni pé aago mẹ́wàá ni wọ́n ń jí?"

Ìyá Ìbejì fa ìwé náà mọ́ra. Ó ṣí ìwé náà sí ojú ewé yẹn, ó sì tì í síwájú rẹ̀. Màmá wá gíláàsì rẹ̀. Ó fi ìka tẹ̀lé e láti òkè dé ìsàlẹ̀, ọjọ́ méje, ìlà kan tẹ̀lé ìlà kan.

"Mẹ́jọ àbọ̀," ló wí.

"Mẹ́jọ àbọ̀ ni, Màmá."

"Nínú gbogbo rẹ̀?"

"Nínú gbogbo rẹ̀."

Màmá ka ojú ewé náà lẹ́ẹ̀kan sí i. "Ó sì máa ń bú ramúramù pé ẹ̀rọ òun kì í purọ́."

"Ẹ̀rọ kì í purọ́," ni Ìyá Ìbejì wí. "Ènìyàn ló ń purọ́."

Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu arúgbó náà díẹ̀díẹ̀, ó dé èjìká rẹ̀, tíì dà sórí tábìlì. Ó fi etí ìró nu ojú rẹ̀, ó tún rẹ́rìn-ín, ó tún nù ún. "Ọ̀lẹ ọkùnrin," ló ń wí, "ọ̀lẹ ọkùnrin yìí," bí ẹni ń ki ènìyàn.

Aago ara ògiri ti di mẹ́jọ àbọ̀. Ìyá Ìbejì dìde, ó ń wá báàgì rẹ̀.

"Níbo lò ń lọ?" ni Màmá bèèrè. Ó ti ń bu ife kejì. "Jókòó. Wáyà ò tíì jí."

Ìyá Ìbejì wo aago, ó wo ife, ó sì jókòó.